Koríko Inú Harámù

Hikmah ti di koríko dáńdá kan mú kó tó wẹ̀yìn wò. Ìyá rẹ̀, Dókítà Kabirat, ń ra omi létí títì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe úmúrà tán ní Mẹ́kà ni, wọ́n sì fẹ́ padà sílé wọn ní Jeddah.

Ó nídìí tó fi ń wá koríko. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, Abla Taghreed, olùkọ́ wọn, fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní dáńdá nínú ìkòkò, pé kí wọ́n máa bomi rin ín, kí wọ́n sì máa kọ bó ṣe ń ga sí i sínú ìwé. Fóònù kò jẹ́ kí Hikmah rántí omi. Dáńdá gbẹ lórí bàkónì, àmọ́ nínú ìwé ọmọ wa, ó ń ga sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Lọ́la ni wọn yóò kó ìkòkò àti ìwé lọ síléèwé. Èyí tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta yìí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀.

"Hikmah, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mafi shay, kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Koríko lásán ni."

Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. "Koríko lásán? Inú Harámù, ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mẹ́kà, la wà. Ohun tó bá hù fúnra rẹ̀ níbí, a kì í tu ú. Ṣé èmi tí mo wá láti Ìwó ni màá máa kọ́ ẹ, ìwọ tí wọ́n bí síbí?"

Hikmah mọ̀ ọ́n. Ó ti há a sórí láti kékeré, àmọ́ kò rò ó kan koríko gidi rí. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó wo ewé tín-ín-rín mẹ́ta náà, ó wo òkè ńlá tó wà lókè wọn, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ọba tó ni òkè yìí tún ń dáàbò bo koríko tí kò ga tó ìka. Ṣé irọ́ inú ìwé òun ni òun wá fẹ́ fi pamọ́ fún Ọlọ́run? Nínú mọ́tò, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ tẹkúntẹkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìkòkò gbígbẹ náà síwájú olùkọ́. "Irọ́ ni mo kọ, Abla. Mi ò bomi rin ín."

Abla Taghreed fi gègé pupa kọ òdo sórí ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló fìka tú iyẹ̀pẹ̀, ó yọ kóró dúdú kan, ó ní kí Hikmah gbóòórùn rẹ̀. Ó ń ta sánsán.

"Ewé ló kú, kóró rẹ̀ ò tíì kú," ni Abla wí. "Dá a padà, kí o bomi rin ín."

Ní ọjọ́ kẹfà, ewé kan yọ, tútù yọ̀yọ̀. Hikmah jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ wá wò ó, ó ní, "Subuhánallà."

Òdo náà kò kúrò, ó sì fà á sẹ́yìn ní sáà yẹn. Irọ́ tí ènìyàn kò rí, Ọlọ́run rí i. Ọmọ tó bá tètè jẹ́wọ́ yóò jìyà díẹ̀, yóò sì ráyè tún bẹ̀rẹ̀. Hikmah kọ ìlà tuntun sísàlẹ̀ òdo rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.