Ìpè Kan sí Ìlọrin

Ọkùnrin náà sáré wọlé bí ẹni tí ajá ń lé, fìlà rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn orí, ìyẹ́ ọmọ adìyẹ lẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Ó kọjá gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà nínú ilé tẹlifóònù Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ bá Raliat nídìí kóńtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sìsítá," ó ní, "ẹ bá mi pe Ìlọrin. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mi ò tíì kú."

Raliat ti rí oríṣiríṣi èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ti rí ìyá àgbà tó ń kúnlẹ̀ kí tẹlifóònù kí ó tó gbé e. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ fi tó odindi ìlú kan létí pé òun wà láàyè. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí kò mọ irọ́ í pa. Nǹkan kan mi Raliat láyà díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn.

"Òkú ni o, alààyè ni o, ìlà ni gbogbo wọn ń tò níbí," ó dá a lóhùn.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí òun kò bá tètè pè, wọn ó máa wá òkú òun kiri inú igbó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá kan tó wà níwájú ìlà ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pè. Báyìí ni Raliat ṣe fi wáyà so Ìlọrin mọ́ ọn, tó sì fetí ara rẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe ń sọ pé òun ti gúnlẹ̀ láyọ̀.

Mùílì ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọjà Igbó níbẹ̀ náà ni. Zaria ló ti kọ́ bí a ti ń wa bàálù. Ní ọdún 1988 tí à ń wí yìí, oko adìyẹ ńlá kan lọ́nà Ọ̀yọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́, bàálù kékeré ló sì fi ń kó ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan wá fún wọn láti Jos. Pápá tó ń balẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kò ní ilé ìṣọ́ tí wọ́n ti ń darí bàálù, kò ní tẹlifóònù. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ àti aṣọ kan tó ń júwe ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Bí ojú ọjọ́ bá ṣú tí kò rí ilẹ̀, àwọn aago inú bàálù ni yóò máa wò. Àwọn tó wà ní ilé ìṣọ́ Ìlọrin á sì máa fi rédíò tọ́ ọ, wọn kò ní jẹ́ kí bàálù mìíràn wọ inú ìkuukùu tó wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti rẹlẹ̀ tán, wọn kì í gbóhùn rẹ̀ mọ́. Òun ni yóò wá ibi tí yóò ti pè wọ́n pé òun ti dé, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrìn òun ti parí. Bí kò bá pè láàárín ààbọ̀ wákàtí, ọ̀nà òkè yóò wà ní dídí fún ẹlòmíràn, wọn ó sì gbà pé ó ti já lulẹ̀, wọn ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Báyìí ni Mùílì di ará ilé tẹlifóònù. Bó bá ti balẹ̀ báyìí, ó di orí alùpùpù oko, ó di ọ̀dọ̀ Raliat. Àwọn èèyàn kì í bá a jà lórí ìlà mọ́. Yóò pe Ìlọrin tán, kò ní lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọmọ adìyẹ kan wá fún Raliat nínú fìlà. Raliat béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ ọmọge nílé wọn nìyẹn. Mùílì ní òun kò tíì rí òdòdó tó ń yé ẹyin.

Ìjà kan ṣoṣo ni wọ́n jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Raliat gbọ́ ìró bàálù náà lórí òrùlé. Ó rò pé òun yóò ṣe olólùfẹ́ òun lóore, ó pe Ìlọrin fúnra rẹ̀, ó ní Mùílì ti dé. Nígbà tí Mùílì wọlé tó gbọ́ pé Ìlọrin ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrìn òun ti parí, kò dúpẹ́. Ó fajú ro.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti balẹ̀?"

"Mo gbọ́ ìró yín lókè."

"Ẹni tó wà lókè kò tíì dé ilé, Raliat. Ká ní mo já sínú igbó lẹ́yìn tí o ti ní mo dé, ta ni yóò wá mi?"

Raliat bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìbáwí ló pa á lẹ́kún. Ó ti rí i lójú inú pé ọkùnrin yìí sùn sílẹ̀ níbì kan, tí gbogbo ayé sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mùílì rọra fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ń pè é ní Àdùkẹ́ òun, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni," Raliat sọ láàárín ẹkún. "Èmi ni n ó wá ọ."

Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì wọlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá há. Ọ̀yọ́ ni bàbá Raliat ń gbé, lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán. Alfa Israfil ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, bó bá sì ti sọ pé rárá, ó ti parí. Ó ti wádìí ìdílé Mùílì, kò rí àléébù kankan. Síbẹ̀ ó ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tó lè sọnù. Gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń bá a jà. Àbúrò rẹ̀, Mashood, tó ń wa lọ́rí, gbé obì lọ sí òkè Ọya, kò sì padà. Odindi ààwẹ̀ kan kọjá kí àjèjì kan tó wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé lọ́nà Kontagora, ó sì ti kú. Ní gbogbo àkókò náà, kò sí ẹnì kan tó wá a. Ìyá wọn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kú.

Raliat sọ fún Mùílì pé òun kò ní lè fẹ́ ẹ láìsí àdúà bàbá òun. Ìyá rẹ̀ bẹ Alfa títí. Níkẹyìn Alfa ní ó dáa, ojú lọ̀rọ̀ wà, kí ọmọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun Alaasari, kí òun fi ẹnu ara òun sọ fún un pé kò ṣeé ṣe.

Òjò ló ba ọjọ́ náà jẹ́. Ìkuukùu bo gbogbo ọ̀nà láti Jos, Mùílì sì pẹ́ kí ó tó balẹ̀. Àwọn bàbá rẹ̀ méjì nínú ẹbí ti ń retí rẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá pápá. Inú ọkọ̀ ló ti wọ agbádá, wọ́n kọrí sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìkánjú. Kò rántí Ìlọrin. Láti ìgbà tó ti mọ Raliat, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ bó bá ti balẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pè. Lọ́jọ́ yìí, Ọ̀yọ́ ni Raliat wà, Ọ̀yọ́ náà lẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí, Alfa ní kí wọ́n jókòó. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó ń múra láti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Àkókò náà ni Raliat gbé omi wọlé. Bó ṣe kúnlẹ̀ síwájú Mùílì, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí pé, "Ta ló bá ọ pe Ìlọrin lónìí?"

Ojú Mùílì yí padà. Ó dìde láàárín àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n dárí jin òun, ó forí lé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá rẹ̀ di agbádá rẹ̀ mú, ó já a gbà.

"Ṣé bí wọ́n ti ń kí àna nílé tiyín nìyí?" Alfa béèrè.

"Bàbá, wọ́n rò pé ó ti kú," Raliat ní. Òun náà sì sáré tẹ̀ lé e.

Alfa Israfil wọ sálúbàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìbínú láti lọ fa ọmọ rẹ̀ padà wálé. Ilé tẹlifóònù Ọ̀yọ́ kò jìnnà. Esther, ọ̀rẹ́ Raliat tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò kí ara wọn tí wáyà fi wọlé. Samuel tó wà ní ilé ìṣọ́ Ìlọrin gbé e, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé gbogbo yàrá ló ń gbọ́.

"Mùílì! Níbo lo wà? A ti pe Ìbàdàn, a ti pe Kàdúná. Àwọn èèyàn ti wọ inú igbó nínú òjò yìí. Bàálù kan ń yípo lókè, kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ."

Mùílì ń bẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbójú sókè. Nígbà tí yóò fi yí padà, Alfa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni wọ́n ń wá?" Alfa béèrè.

"Mùílì ni, Bàbá," Raliat dáhùn.

"Ìgbà wo ló ti sọnù?"

"Kò tíì ju wákàtí kan lọ."

"Wákàtí kan," Alfa ní. Ó tún un sọ lábẹ́ ẹnu. Ìbínú ti ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, Raliat sì gbé tẹlifóònù fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá pè yín ńkọ́, ìgbà wo lẹ ó dáwọ́ dúró?"

Ojú ẹsẹ̀ ni Samuel dáhùn. Ó ní, "Bàbá, a ó máa wá a títí a ó fi rí i. Iṣẹ́ wa nìyẹn."

Omi lé ròrò sójú Alfa Israfil, kò sì nù ún. Raliat di ọwọ́ Mùílì mú ṣinṣin, nítorí ó ti gbọ́ orúkọ tí bàbá òun fi pe ara rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," Alfa ní fún ará Ìlọrin. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá a. Ọmọ mi ni."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Alfa ní kí Mùílì máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ń sọ ìtàn Mashood fún un, bí ó ṣe máa ń kọrin bó bá ń wakọ̀, bí ó ṣe fẹ́ràn obì funfun. Raliat ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹnu ń yà á. Láti kékeré rẹ̀, kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ ju orúkọ àbúrò náà lọ.

Wọ́n bá àwọn bàbá méjèèjì nídìí omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì mu, ojú ń tì wọ́n. Alfa jókòó, ó ní kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sì mú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí òun so yìgì fún àwọn ọmọ yìí.