Ẹni Tó Fẹ̀yìn Wọ Òkun

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà fi ń wọ inú òkun. Ó kọjú sí ilẹ̀, ó kẹ́yìn sí ibú, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń dágbére fún ilé tí kò wù ú láti fi sílẹ̀. Omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìbàdí, síbẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí omi dé àyà rẹ̀, ó fara lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn, òkun sì gbà á. Ọ̀pá kúkúrú tó fi ń mí nìkan ló kù lójú omi, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọrùn ẹyẹ.

Imú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà wà nígbà tó rí i. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí mọ́ pé òun ń ká a.

"Ìdákọ̀ró!" bàbá rẹ̀ ké láti ẹ̀yìn. "Ṣé okùn ọ̀hún fẹ́ bímọ sí ọ lọ́wọ́ ni?"

"Bàbá, mò ń ká a."

"Ojú lo fi ń ká a."

Ìdákọ̀ró ni bàbá rẹ̀ ń pè é, gbogbo èbúté sì gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń sọ ìdákọ̀ró ọkọ̀ sómi, òun ló ń fà á sókè. Ṣùgbọ́n orúkọ náà jìn ju iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun ló di ilé mú tí ìgbì kò fi gbé bàbá rẹ̀ lọ.

Ní ìlú wọn, ọjọ́ tí ọkọ̀ afẹ́ ńlá bá dé ni ọjọ́ iṣẹ́. Á dé lówùúrọ̀, funfun, gíga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó já kúrò ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ fèrè rẹ̀ á dún, gbogbo èrò á sì padà wọlé. Kí fèrè tó dún, ohun tí àwọn èrò ń fẹ́ ni kí wọ́n fi awò bojú, kí wọ́n fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, kí wọ́n wo àwọn ẹja inú àpáta iyùn. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀, Atukọ̀, ìyẹn bàbá Ìdákọ̀ró, àti ọmọ rẹ̀ á gbé e lọ sí àpáta ìta, níbi tí omi ti dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ wọ omi, etíkun kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ẹrù. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń mú èrò wọ omi. Òun àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti etíkun mìíràn ni.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi pàdé lójú èbúté. Arúgbó obìnrin kan ló sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ afẹ́, ó fọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èwo ló dára jù, ká bá ọkọ̀ lọ ni àbí ká wọ̀ ọ́ láti etíkun?"

"Ọkọ̀ ni, Mà," Ìdákọ̀ró yára dáhùn. "Ẹ ó jókòó bí ayaba, àwa la ó gbé yín débẹ̀. Ẹja ibẹ̀ tóbi bí ìrọ̀rí."

"Àwọn èrò ọkọ̀ wọn nílò ìrọ̀rí lóòótọ́," ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èébì kì í jẹ́ kí wọ́n lè gbórí dúró." Ọkùnrin náà ni. "Mà, ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi bá mi wọ omi, ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi jáde. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ kàn dìde ni, ilẹ̀ ń bẹ."

"Ilẹ̀ ń bẹ, ẹ̀gún òkun náà ń bẹ. Ẹ ní kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn yín."

"Ẹ ní kóun náà fi ẹ̀rín hàn yín. Mo gbọ́ pé wọn kì í kó o wọ ọkọ̀ wọn."

Arúgbó náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tọkọtaya ni yín?"

Àwọn méjèèjì mi orí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó jọ ọ́," ni màmá náà wí. "Ìjà yín ti gbó. Màá bá ọkọ̀ lọ láàárọ̀, màá bá ẹsẹ̀ lọ lọ́sàn-án."

Ọjọ́ náà ni Ìdákọ̀ró sọ ọkùnrin náà ní Afẹ̀yìnwọmi. Kò sọ ọ́ sókè. Inú ọkàn rẹ̀ ló fi pamọ́ sí, ó sì ń mú un jáde wò bí ẹni tó ń yọjú wo oúnjẹ lórí iná.

Ní ọjọ́ kan tí ọkọ̀ afẹ́ kò dé, ó gbé bàtà pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀, ìyẹn bàtà rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó gba etíkun kékeré lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ wo bí iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ ṣe rí ni. Ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.

Láti kékeré ló ti ń bẹ́ láti inú ọkọ̀ sínú ibú. Kò wọ òkun láti ilẹ̀ rí. Ó wọ bàtà náà, ó kọjú sí omi, ó rìn lọ tààrà bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìgbì kan dé, ó ká bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, awò rẹ̀ bá omi lọ, iyanrìn kún un lẹ́nu.

"Ọmọ atukọ̀!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Afẹ̀yìnwọmi. "Ẹja wo lo rí tó o fi ń dọ̀bálẹ̀ fún un?"

"Wá gbé mi dìde kí n tó gbá ọ létí."

"Mò ń bọ̀, ayaba ọkọ̀."

Ó gbé e dìde, ó bá a wá awò rẹ̀, ó sì yí i padà kó lè kọjú sí ilẹ̀. "Kẹ́yìn sí i. Àgbà ni òkun, a kì í wo àgbà lójú. Máa rọra fà sẹ́yìn. Bí ìgbì bá dé, dúró kó kọjá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ibi tí mò ń lọ?"

"O ò ní rí i. Ṣùgbọ́n wàá máa rí ilé."

Ọ̀rọ̀ náà kan ibì kan lára rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní. Ó gbójú sókè wo ilẹ̀. Ìyá ọkùnrin náà jókòó lábẹ́ agbòòrùn ńlá, àwọn aṣọ ìnura tó fi ń yá àwọn èrò wà níwájú rẹ̀, ó ká wọn létolétò. Kò gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi jáde lómi. Ìgbà náà ló na aṣọ kan sí Ìdákọ̀ró.

"Gbà, nura, ọmọ mi. Òtútù kò mọ ọmọ atukọ̀."

Láàárín etíkun náà àti àpáta ìta, ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ omi, iyanrìn funfun gbọọrọ bí òpópó ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ ń sùn. Afẹ̀yìnwọmi ló mú un gbabẹ̀. Wọ́n á dúró de ìgbà tí omi bá sinmi, tí kò kún tí kò fà, wọ́n á wá máa fò lọ lókè ọ̀nà náà bí ẹyẹ méjì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń já bọ́ sórí iyanrìn, ó ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń ya fún wọn, wọ́n sì ń pa dé lẹ́yìn wọn. Ìdákọ̀ró ti mọ àpáta ìta láti kékeré, ṣùgbọ́n òkè ló ti ń wò ó. Ó dà bí ẹni tó mọ òrùlé ilé kan dunjú tí kò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé rí.

Ní agbedeméjì ọ̀nà náà, òkúta kan wà tó rí bí odó. Ibẹ̀ ni Afẹ̀yìnwọmi ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú omi, kò sẹ́ni tó lè fọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnìkejì rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ìdákọ̀ró tẹ tirẹ̀ padà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, Ìdákọ̀ró bọ́ awò lójú. "Kí lo sọ fún mi níbẹ̀ yẹn?"

"O gbọ́ ọ."

"Tún un sọ kí etí náà gbọ́."

"Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe aya, Ìdákọ̀ró mi."

"Ìdákọ̀ró bàbá mi ni mí. Òun ni kó o lọ bá."

Afẹ̀yìnwọmi wo ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. "Màá lọ. Màá wẹ̀ lọ bá a."

Ìdákọ̀ró rò pé ó ń ṣeré ni.

Àwọn ará ọkọ̀ ní àṣà kan. Bí atukọ̀ bá na ọwọ́ sí ẹni tó wà nínú omi, onítọ̀hún á dì í mú, wọ́n á sì fà á wọlé. Ọ̀tá ló ń kọ̀ ọ́, ọ̀tá àti òkú.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ afẹ́ dé ni Afẹ̀yìnwọmi wẹ̀ dé àpáta ìta. Ọkọ̀ Atukọ̀ kún fún èrò. Atukọ̀ ti mọ ohun tó bá wá, ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́. "Gòkè wá, ọmọ."

Afẹ̀yìnwọmi di okùn ìdákọ̀ró mú, ó ń mí gúlegúle. Ó wo ọwọ́ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè gun ọkọ̀. Bóyá ẹ lè gbọ́ mi láti ibí."

Ẹnìkan nínú èrò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Atukọ̀ ṣì wà lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó fà á padà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ ni omi kò kàn án.

"Ọwọ́ mi ni kò mọ́ fún ọ?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ọkùnrin tí kò lè tẹ ọkọ̀ mi kò lè mú ọmọ mi. Ìdákọ̀ró, fa okùn sókè."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó fà á. Okùn náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, Ìdákọ̀ró kò sì wo ojú rẹ̀.

Inú bí Ìdákọ̀ró débi pé kò gba ọ̀nà etíkun mọ́. Kí ló dé tí yóò fi kan bàbá òun lábùkù báyẹn? Ṣùgbọ́n aṣọ ìnura ìyá ọkùnrin náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a kì í sì torí ìjà di ohun ìní ẹni mú. Ó fọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e lọ.

Ìyá Afẹ̀yìnwọmi gba aṣọ náà, ó gbé e lé orúnkún. "Èmi ni kó o bá jà, ọmọ mi."

"Mà?"

"Inú ọkọ̀ ni ọkọ mi wọ̀ tí kò fi padà. Ó kọjú sí òkun, ó ń kọrin, kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Ọmọ yìí kéré nígbà yẹn. Mo dì í mú, mo ní kó búra pé kò ní tẹ ọkọ̀ láéláé. Èèyàn a máa béèrè ohun tó pọ̀ jù nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

"Kó dúró lójú èrò, kó ní ìyá òun ló so òun mọ́lẹ̀? Àṣírí mi ló ń bò. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé ẹ̀jẹ́ náà. Ó ní bí òun bá da ìyá òun nítorí ìyàwó, kí ni ìyàwó náà yóò wá fi gba òun gbọ́?"

Ìdákọ̀ró wo òkun. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń fẹ̀yìn rìn, kí ìyá rẹ̀ má bàa wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ mọ́.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ nílé, Atukọ̀ ń fi ọ̀rá pa okùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá rẹ̀ ló ní kó má wọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó sì gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Nínú ibú."

Ó wo ara ògiri, níbi tí awò ìyàwó rẹ̀ ṣì so rọ̀ sí. Obìnrin náà ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́ sómi, á wá gbójú sókè, á ní, "Sọ̀kalẹ̀ wá, bàbá ọmọ mi, omi ò ní jẹ ọ́." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, omi òkun kò kọjá kókósẹ̀ Atukọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tu ọkọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà àpáta ìta. Ó yà sí iwájú etíkun kékeré.

"Sọ ọ́ sómi."

"Bàbá, a kì í dúró níbí."

"Mo ní kó o sọ ọ́ sómi."

Ìdákọ̀ró sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀. Atukọ̀ ṣí fìlà rẹ̀, ó fi kọ́ ara ìtọ́kọ̀. Ó dì mọ́ àkàsọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ tòun ti ṣòkòtò, tòun ti ẹ̀wù, títí omi fi mù ún dé àyà.

"Ó tutù," ó wí, bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń fẹjọ́ náà sùn, àfi ọmọ rẹ̀.

Afẹ̀yìnwọmi ti sáré wọ omi. Atukọ̀ na ọwọ́.

"Ibí kì í ṣe ọkọ̀. Ṣé ìyá rẹ sọ nǹkan kan nípa omi?"

"Rárá, Bàbá."

"Mú un, ó jàre."

Ó fọwọ́ méjèèjì mú un. Atukọ̀ kò sì tètè jù ú sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó o bá ìyá rẹ sọ, ojú tì ọ́ lójú èrò, o kò gbé e sọnù. Mo lè fi ọmọ mi sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sọ ìdákọ̀ró mi sómi?"

"Èmi náà ni, Bàbá," ọmọ rẹ̀ dáhùn láti òkè. "Màá bá yín wọ ọkọ̀, òun á máa fẹsẹ̀ wọ omi. A ó máa pàdé níbi òkúta odó."

"Kí ẹ wá gbàgbé àwọn èrò mi síbẹ̀," ni Atukọ̀ wí, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí ọmọ rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó gun etíkun, ìyá Afẹ̀yìnwọmi ti ṣí aṣọ ìnura dè é.

Etíkun náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn, lówùúrọ̀ tí kò sí ọkọ̀ afẹ́. Ọkọ̀ ló gbé ìyàwó bọ̀. Ọkọ dúró nínú omi dé ìbàdí, ọjọ́ náà nìkan ni ẹnikẹ́ni sì rí i tó dúró kọjú sí òkun. Ìgbì dé, ó gbá a lójú. Kò mira. Òmíràn tún dé. Kò ṣẹ́jú.

Atukọ̀ fẹ́ fa àkàsọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ti bẹ́ sómi tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó jáde síwájú ọkọ rẹ̀, ó nu omi lójú.

"Ta ló ní kó o máa wo àgbà lójú?"

"Ìwọ ni mò ń wò, olólùfẹ́ mi."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí padà, wọ́n sì rọra rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń dúró dè wọ́n létíkun. Òkun wà lẹ́yìn wọn. Ilé wà níwájú.