Wàláà Bilal

Ohùn ẹ̀bẹ̀ ni Raudah kọ́kọ́ gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Basin. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin gíga kan tó forí lé tábìlì, tó ń bẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀: "Jọ̀ọ́, ṣiṣẹ́. Nítorí Ọlọ́run."

"Kò gbọ́ Yorùbá," ni Raudah wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ìtìjú. Bilal lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ kóòdù kíkọ. Raudah ti lo ọdún mẹ́rin. Kí n má parọ́ fún yín, kí oṣù yẹn tó parí, ìfẹ́ ti mú wọn ṣìnkún.

Àáfà tó ní ilé-kéwú ni bàbá Raudah. Kí bàbá lè fún un lọ́mọ, Bilal ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ ibi tí ọmọ kéwú kọ̀ọ̀kan kà dé. AI ló bá a kọ gbogbo rẹ̀. Kò ka ìlà kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó gbé e wá, ẹ̀rọ ní Mùínàt, ọmọ ọdún márùn-ún tó ṣì ń ka alífù-báà, ti parí Kùránì, kó wá ṣe wòlímọ̀.

"Kí ló fà á?" Àáfà bèèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. AI ló bá mi kọ ọ́."

"Háà! O da wàláà ẹlòmíì kọ! Lọ kọ tìẹ, kí o wá kà á fún mi, kí o tó dárúkọ ọmọ mi."

Bilal fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Raudah. "Raudah, ṣé kí n pa AI tì ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi náà ń lò ó. Kọ tìẹ ná; tó bá há, ní kó ṣàlàyé fún ẹ. Èyí tí o ò bá lè sọ ìdí rẹ̀, má fi síbẹ̀, ọkọ mi."

Oṣù méjì gbáko ló fi bá kóòdù náà jà. Ó padà wá sọ́dọ̀ Àáfà, ó jókòó sórí ẹní, ó ń nàka sí i, ó ń kà á ní ìlà-ìlà. Àáfà kò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló ti fi ń gbọ́ wàláà. Ó mọ ohùn ẹni tí ohun tó ń kà yé.

"Ti Mùínàt ńkọ́?"

"Ẹni tí wọn ò bá kọ ibi tó kà dé, ẹ̀rọ rò pé ó ti parí ni, sà. Ibí yìí ni mo ti tún un ṣe."

"Máṣáà Allah. Kí àwọn ẹbí ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bilal ti tò sílẹ̀ fò lọ. "Raudah, fẹ́ mi. Jọ̀ọ́. Nítorí Ọlọ́run."

Omi lé ròrò sójú Raudah. "Èmi gbọ́ Yorùbá," ló wí. "Mo gbà."