Ike Tí Kò Dán

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà wà lórí tábìlì ní ilé ìwádìí ìṣègùn nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà di ojú kan, ó ń fi èkejì wo ike pẹlẹbẹ kan níbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, bóyá ó ṣì ku ibi tí kò dán.

"Ṣé ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ ni?" obìnrin náà bi í.

Ọkùnrin náà dìde, ó rẹ́rìn-ín, kò fọhùn. Akólòlò ni, ẹ̀rín ló sì fi ń bo ara rẹ̀ láti kékeré.

Òun ló ń ṣe ike tí wọ́n ń fi bo egbò, tí yóò yòrò nínú ara bí egbò bá jinná. Obìnrin náà ló ń gbin sẹ́ẹ̀lì awọ ara sórí rẹ̀. Ó máa ń kí wọn láràárọ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ wá ń pè é ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bó bá ti da omi sí wọn láti fọ̀ wọ́n báyìí, gbogbo wọn á bómi lọ. Ọkùnrin náà á tún dán ike sí i, pàbó ni.

Ìfẹ́ tó wọ àárín àwọn méjèèjì ní tirẹ̀ dúró digbí. Obìnrin náà mọ̀ pé ó ń kólòlò, kò sì kà á sí. Àmọ́ nígbà tó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ̀rín nìkan ni ọkùnrin náà rí fi kí ìyá.

"Ẹni tí ò lè kí mi," ìyá sọ, "agbéraga ni. N ò ní fún un lọ́mọ."

Ọkùnrin náà bẹ obìnrin náà pé kó má sọ fún ìyá pé akólòlò ni òun. Ìtìjú ń pa á.

Ọkàn rẹ̀ ò sí níbi iṣẹ́ mọ́. Ó gbàgbé, ó gbé ike tí kò dán fún obìnrin náà. Obìnrin náà da omi sí i, sẹ́ẹ̀lì kan ò ṣípò. Lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, gegele wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí ló kún ojú ike náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì nawọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dì wọ́n mú bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Ohun tí ò ń ha dànù ni wọ́n ń wá," obìnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "Olówó orí mi, kí ni ìyá mi fẹ́ dì mú lára rẹ?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin náà bá a dé ilé ìyá rẹ̀.

"O tún wá rẹ́rìn-ín ni?" ìyá bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ k-k-káàsán, mà. Mo fẹ́ f-f-f…"

Ọ̀rọ̀ há. Òógùn bò ó. Obìnrin náà la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́, ìyá gbọ́wọ́ sókè.

"Má bá a sọ ọ́."

Wọ́n dúró. Ó mí kanlẹ̀.

"…fẹ́ ọmọ yín."

Omi lé ròrò sójú ìyá. Ó fa àga fún un.

"Jókòó, ọmọ mi. Máa sọ ọ́ lọ. Kò síbi tí à ń lọ."