Ìdákẹ́jẹ́ Ìṣẹ́jú Kan

Obìnrin tó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì ní sinimá ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí mi sí i. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe fíìmù yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo bi í bóyá kò tíì wò ó ni. Ó ní òun kì í wo nǹkan tó ń dẹ́rù bani, ojú ọkọ òun ti tó òun.

"Àmọ́ àwọn tó ń wò ó ni mò ń wò. Ọkùnrin tó wọlé yẹn, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà rẹ̀ nìyí. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà. Ó ronú, ó ronú, ó ní òun ò lè sọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ò lè sọ, torí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣe fíìmù náà. Ó yá kámẹ́rà kan, ó yá ilé oníyàrá méjì kan tó ṣófo, ó sì mú ọkùnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ó ní òṣèré ni. Ìtàn ibẹ̀ ò ju pé ọkùnrin kan ń dá gbé, ó ń gbọ́ nǹkan nínú ilé, ó wá ń fi kámẹ́rà ya ara rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá orí òun ló ń dàrú. Nígbà tó yá, ó pòórá, wọ́n bá kámẹ́rà rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tó wà nínú kámẹ́rà yẹn làwa ń wò. Ó parí. Oníwèé ìròyìn kan kọ ọ́ pé àìlówó fíìmù náà ló jẹ́ kó dà bí òótọ́, pé àwòrán tó ń gbọ̀n máa ń mú kí ọkàn náà gbọ̀n. Gírámà ni. Kámẹ́rà ń gbọ̀n torí pé àbúrò mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Iṣẹ́ ohùn ni tèmi. Nídìí iṣẹ́ wa, tí ẹ bá ti ya àwòrán tán nínú yàrá kan, ẹ óò ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ óò sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìyẹn la máa ń tẹ́ sábẹ́ fíìmù bí ẹní, kí etí má baà já sínú ihò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀. Ní ti fíìmù àbúrò mi, ìdajì rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, kò kúkú rí òṣèré kejì mú. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan yẹn ni mo tẹ́, tí mo tún tẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé n kò gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ tá a parí, gbogbo wa dúró bí igi, mo fi íapíìsì sétí, mo na ìka sókè bí ọ̀gá, mo sì gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, fáìlì kan wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan géérégé. Mo dúpẹ́, mo lò ó. Ojú ń tì mí jù láti béèrè ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ obìnrin oní-tíkẹ́ẹ̀tì ló mú kí n lọ jókòó sínú sinimá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ kún. Aránṣọ kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òwú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Nígbà tí ọkùnrin inú fíìmù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìsọ nǹkan kan, tí ìdákẹ́jẹ́ mi sì wọlé, mo rí i pé gbogbo orí tó wà níwájú mi rọra tẹ̀ sí apá kan, bí orí ẹni tí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bi ní ìbéèrè. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Àwọn èèyàn ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, kálukú lábẹ́ èémí ara rẹ̀.

Aránṣọ náà ní, "Àbúrò mi obìnrin ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so òwú. Ó máa ń kọrin tó bá ń lọ aṣọ." Kò wojú mi. Iwájú ló ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tá a jáde, mo sún mọ́ ọn. "Ẹ kú ìgbádùn o. Àbúrò yín tó ń kọrin yẹn ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi dandan ta ọṣẹ fún un. "Àbúrò kẹ̀? Èmi nìkan nìyá mi bí."

"Kí lẹ wá fẹ́ràn nínú fíìmù náà?"

Ó já òwú kan kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ó ń gbọ́ èèyàn," ló fi jẹ́jẹ́ wí. "Nílé mi, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù, bákan náà. Fíìmù yẹn ń gbọ́."

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wù mí í tọ pinpin. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gba ohùn oníwàásù, ohùn olóṣèlú àti ẹkún ìyàwó inú fíìmù sílẹ̀, n kò tíì pàdé ohùn tó ń fetí sílẹ̀ rí.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ yẹn ni mo rí àbúrò mi lórí àga iwájú pátápátá. Mo rò pé èrò ló wá kà, bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ tó. Mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ dé, orí rẹ̀ tẹ̀.

"Òórùn ọṣẹ ló máa ń wà lọ́wọ́ màmá mi," ló ń wí. "Tí wọ́n bá fẹ́ jí mi, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn." Ó sọ, ó sọ, nígbà tó ṣe, ó mí kanlẹ̀. "Ó tán. Lọ́la, màá sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún ẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi nìyẹn. Kò ní ẹlòmíì.

Mo tẹ̀ lé e délé. Fọ́tò màmá wa wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ta nìyẹn?"

Ó wò ó dáadáa bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. "Arẹwà ni o. Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé wọn kọ́ síbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tí ẹnu mi mọ̀ nìyẹn. Mo di apá rẹ̀ mú.

"Má lọ síbẹ̀ lọ́la."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ibẹ̀ nìkan lara ti ń fúyẹ́ mi. Tí mo bá jáde, ó máa ń dà bí ìgbà tí mo sọ ẹrù kalẹ̀."

"Èmi lẹrù tó kàn," ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà mi ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé òfìfo yẹn lọ́wọ́ onílé, mo lọ dúró nínú yàrá náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ bọ́tìnnì. Mo wo iná pupa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo délé, mo yọ ìdákẹ́jẹ́ àtijọ́, mo tẹ́ tuntun dípò rẹ̀. Kí n tó pa ti àtijọ́ rẹ́, mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí ohùn níbẹ̀, kò sí èémí. Ẹ mọ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn lórí fóònù, tí ẹni kejì dákẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò tíì gbé e kalẹ̀? Bó ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ẹnu mi mú títí ìṣẹ́jú náà fi pé. Mo pa á rẹ́, mo sì gbé fíìmù tuntun lọ fún wọn kí tọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án náà, gbogbo orí dúró ṣánṣán. Ẹnì kan húkọ́. Ẹlòmíì sọ pé, "Ṣé bí fíìmù yìí ṣe burú tó nìyí?" Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yọ ọ́. Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wá sílé mi, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ ti màmá fún mi." Ó ṣì mọ̀ mí. Mo gbà pé mo ti borí.

Ẹnu ìyẹn la wà lọ́sàn-án Sátidé kan tí kọ́kọ́rọ́ fi yí lára ìlẹ̀kùn mi. Ọkùnrin gíga kan wọlé, báàgì ìrìn àjò lọ́wọ́ rẹ̀, ewú díẹ̀ nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Aláròyé mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Odidi oṣù méjì. Mo pè ẹ́ títí, o ní mo ṣi nọ́ńbà, o tún bú mi lé e."

Mo dìde. "Ẹ káàsán, sà. Ta lẹ ń wá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi ti dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá tẹ̀ sí etí mi. "Àǹtí, ọkọ yín nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ ò dárúkọ wọn mọ́, mo rò pé ẹ jọ ń jà ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn sábẹ́ fíìmù, èmi nìkan nínú yàrá, íapíìsì létí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pa ẹnu mọ́ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. N kò mọ gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bi, mo ti fọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Ọkùnrin náà gbé báàgì kalẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó nawọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn láìwo ibẹ̀, ó sì fi í kọ́ sórí ìṣó kan. N kò mọ̀ pé ìṣó wà níbẹ̀.

Mo fa àga fún un bí wọ́n ṣe ń fà á fún àlejò. Èmi náà jókòó, mo kojú sí i, orí mi sì rọra tẹ̀ sí apá kan.

"Ẹ sọ fún mi, sà," ni mo wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mò ń gbọ́."