Ìpín Aláàyè

Àga méjì ni wọ́n gbé sí àgbàlá fún ọmọ kan ṣoṣo. Stéphane onífọ́tò rí wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, kò sì béèrè ohunkóhun, nítorí ó mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè é láti Atakpamé wá sí Akparé. Honorine bí ìbejì obìnrin. Táyé kú nígbà ọyẹ́. Kẹ́yìndé ló kù, ọmọ ọdún méje, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní Kẹ́yìndé mọ́. Málọmọ́ ni wọ́n ń pè é báyìí, kí ẹ̀bẹ̀ lè máa bá a nínú orúkọ ara rẹ̀, kó má baà tẹ̀ lé èkejì rẹ̀ lọ.

Láyé ijọ́un, igi ni wọ́n ń gbẹ́ sí ipò ìbejì tó bá kú. Nínú ilé yìí, fọ́tò ni. Wọn a ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọn a tún yà á nínú aṣọ èyí tó kú, wọn a wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, kí ìyá lè máa rí ọmọ méjì lára ògiri, kí wọ́n sì lè máa pè é ní Ìyá Ìbejì lọ. Stéphane ti ṣe irú rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú, ẹnu rẹ̀ sì tún dá a lójú ju ọwọ́ lọ.

Inú yàrá ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Ìyá Fáwọlé, ìyá ọkọ Honorine, jókòó sí, nítorí ojú ìyá náà kò lè gba oòrùn mọ́. Yàrá náà ṣókùnkùn, fèrèsé kan péré ló ní. Stéphane la ojú kámẹ́rà rẹ̀ gbàgà, ó gbé nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè fíofío, ó sì jẹ́ kó máa ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè mu ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àwòrán ìyá náà jáde dáadáa.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Fáwọlé wí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀, "aláàyè ni kí o kọ́kọ́ yà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà òkú, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ti aláàyè kò bá dáa, sọ ọ́ kí ọmọ tó wọ aṣọ kejì, a ó tún un ṣe. Bó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tèmi kì í bàjẹ́."

Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ sí àgbàlá. Franck wà láàárín wọn, ẹni tó máa ń fi tẹlifóònù ya àwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Stéphane kò lè rí i kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Franck, o wá kọ́ṣẹ́ ni? Sún mọ́bí, kí o wo bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn tí ojú rẹ̀ kò fi ní dúdú bí ìdí ìkòkò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Franck wolẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Málọmọ́ jókòó sórí àga ọ̀tún nínú aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, kò rẹ́rìn-ín, kò sì mira. Stéphane tẹ kámẹ́rà. Kámẹ́rà náà ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó fà á, ó ń lọ́ra bó ṣe lọ́ra nínú yàrá. Stéphane gbọ́ ọ. Kò tíì yí nọ́ńbà kankan padà láti ìgbà tó ti jáde.

Èèyàn kì í lè rí àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà dáadáa nínú oòrùn. Nígbà tí ọmọ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, Stéphane ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo kámẹ́rà, ó sì yọjú wò ó. Ó rí aṣọ ìyeyè. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ, ó rí ẹsẹ̀ àga. Láti ọrùn sókè, funfun ni. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu, àfi funfun bíi bébà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí.

Ààyè ṣì wà. Ó ń gbọ́ ohùn Honorine nínú yàrá, tó ń sọ fún ọmọ pé kó gbọ́wọ́ sókè. Gbólóhùn kan péré ló kù: Ìyá, ti àkọ́kọ́ kò dáa. Stéphane la ẹnu. Franck ń wò ó. Ó pa ẹnu dé. Ó rọra fa nọ́ńbà walẹ̀, ó dín ojú kámẹ́rà kù, ó jẹ́ kó máa ṣẹ́jú wéréwéré bó ṣe yẹ kó ti rí. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ọmọ ti jáde nínú aṣọ búlúù tí Táyé máa ń wọ̀.

"Ṣé ti aláàyè dáa?" ni Ìyá Fáwọlé béèrè láti inú yàrá.

"Ó dáa, Ìyá."

Èyí tó yà tẹ̀ lé e dáa lóòótọ́. Kò ya irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó dé Atakpamé, ó lo ọgbọ́n àgbọ́njù. Ó pa fọ́tò aláìlójú náà rẹ́. Ó mú ti aṣọ búlúù, ó sọ ọ́ di méjì nínú kọ̀ǹpútà, ó sì kun aṣọ ọ̀kan ní ìyeyè. Ó fi gíláàsì bò ó, ó rán an sí Akparé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sùn dáadáa.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Stéphane kò tó ogún ọdún. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Honorine pè é lórí tẹlifóònù.

"Onífọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. N kò rí ojú ọmọ mi mọ́."

Ọ̀sán ló débẹ̀. Kò sí ará àdúgbò kankan ní àgbàlá. Honorine kò kí i, kò fún un lómi. Ó gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ wo òkè ojú òsì."

Àpá kan wà lókè ojú òsì ọmọ aláṣọ búlúù. Irú rẹ̀ gan-an wà lójú ọmọ aláṣọ ìyeyè. Stéphane ti fi odindi wákàtí méjì wo ojú yìí nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí àpá níbẹ̀ nígbà náà.

"Táyé ló ṣubú lu ọlọ," ni Honorine wí wúyẹ́wúyẹ́. "Málọmọ́ kò lápá. Méjèèjì ni Táyé. Ti èyí tó wà láàyè dà?"

Stéphane fi àtàǹpàkò nu àpá náà lórí gíláàsì. Bó ti ń nù ún ni Málọmọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí oòrùn ṣe bà á, omi dà lójú Stéphane bí ẹni tó wo iná àwọn alágbẹ̀dẹ irin. Aṣọ ìyeyè hàn kedere, ọwọ́ hàn, bàtà hàn. Láti ọrùn sókè, kò ṣeé wò. Adìẹ tó ń jẹ̀ nílẹ̀ ní òjìji, àga ní òjìji. Òjìji ọmọ náà parí sí ọrùn.

"Màmá," ni ohùn kan wí láti inú funfun náà, "ṣé mo ti lè padà wọlé?"

"Tún un yà," ni Ìyá Fáwọlé wí láti inú yàrá. "Ìwọ lo ní tìrẹ kì í bàjẹ́. Yà á."

Stéphane kò gbéra ga lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé àga sábẹ́ òjìji igi máńgòrò. Ara ọmọ gan-an ló ti fi kámẹ́rà wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kò wọ̀n ọ́n láti ojú ọ̀run. Ó fa nọ́ńbà walẹ̀ pátápátá. Honorine fi ìborùn bojú lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà ń ta á lójú. Stéphane tẹ kámẹ́rà, ó fi fìlà bò ó, ó wò ó. Igi dáa, ògiri dáa, ojú ọmọ funfun.

Ó jẹ́ kí kámẹ́rà ṣẹ́jú kíákíá sí i. Ògiri ṣókùnkùn, ojú ọmọ funfun. Ó dín ojú kámẹ́rà kù. Igi di dúdú, ilẹ̀ di dúdú, funfun náà sì ti dé èjìká. Ó tún dín in kù títí kò fi sí ibi tó tún lè dín in kù sí mọ́. Nínú fọ́tò ìkẹyìn, ọ̀sán Akparé dúdú bí èédú, funfun náà sì ti dé ìṣẹ́tí aṣọ.

Ó gbójú sókè. Aṣọ ìyeyè wà lórí àga, ó ká jọ sórí ara rẹ̀. Bàtà méjèèjì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, adìẹ sì ń ṣa nǹkan jẹ láàárín wọn.

"Onífọ́tò," ni Honorine béèrè jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìborùn, "ṣé ó dáa?"

Stéphane la ẹnu. Ẹnu náà kò mọ ọ̀nà mìíràn.

"Ó dáa, Ìyá Ìbejì."