Òpin Fíìmù Tí Aránṣọ Kò Wò

Agboòrùn obìnrin kan ń kán omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Aránṣọ rí omi náà. Ó rí bó ṣe ń ṣàn tẹ̀lé ìlà símẹ́ńtì. Ó fẹ́ bèèrè, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí agboòrùn lé oníbàárà sẹ́yìn. Ó gba aṣọ tí obìnrin náà mú wá, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta òní.

Obìnrin náà kò lọ. Ó dúró, ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí aránṣọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ná, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohun tó sọnù. Aránṣọ yìí ní ọ̀rẹ́ kan, obìnrin bíi tirẹ̀, apòògùn ni, ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ sì wà ní òdìkejì òpópónà. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Tí aago kan ọ̀sán bá ti lù, apòògùn á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sọdá, á jókòó sórí àga kékeré ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìlọṣọ, ọ̀rọ̀ fíìmù á sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo fíìmù o. Fíìmù tó bani nínú jẹ́ tó sì rẹwà ni tiwọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹkún kì í ṣe oríṣi kan? Ẹkún kan wà tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ata síni lójú: wọ́n á pa ìyá, wọ́n á pa bàbá, wọ́n á pa ajá mọ́ ọn, kí omi ṣáà ti jáde. Ẹkún kejì ni ti fíìmù kan, níbi tí bàbá arúgbó kan ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ fún ẹni méjì, tó wá rántí pé òun nìkan ló kù, tó sì rọra mú ṣíbí kan padà síbi tó ti gbé e. Kò sẹ́ni tó kú lójú wa, kò sẹ́ni tó pariwo. Síbẹ̀ wàá jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á máa dùn ọ́, á sì tún máa wù ọ́ kó má tán.

Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo fíìmù ló máa sọ ọ́ fún èkejì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ òpin rẹ̀. Tó bá ti kù díẹ̀, á panu mọ́, èkejì á lọ wò ó fúnra rẹ̀. Apòògùn ló ṣe òfin náà.

"Abẹ́rẹ́," ó máa ń sọ, torí bó ṣe ń pe aránṣọ nìyẹn, "ẹni tó bá sọ òpin fíìmù fún èèyàn, olè ni."

Aránṣọ á ní, "Dókítà Ó-kù-díẹ̀, mo ti gbọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ sára ògiri ni?"

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ bàbá oníṣíbí ni wọ́n ń sọ. Obìnrin alágboòrùn sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ látẹnu ọ̀nà.

"Èyí tó dùn mí jù ni bó ṣe nu ṣíbí náà kó tó dá a padà. Kò sì tíì sẹ́ni tó fi jẹun."

Apòògùn gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

Aránṣọ ti wo fíìmù náà nígbà mẹ́rin. Kò rí i rí pé bàbá náà nu ṣíbí. Nǹkan kékeré kan gún un láyà.

Obìnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì, kò dúró de ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fíìmù kan nípa ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, tó máa ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré tó bá ti dé iwájú ilé kan, tí ọwọ́ kan á sì ṣí kọ́tìnì. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, ó panu mọ́. Ta ló sọ òfin fún un? Apòògùn sunkún títí ó fi di ọwọ́ obìnrin náà mú. Aránṣọ yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù tó ti wà lórí iná láti àárọ̀, ó sì tutù bí òkúta inú odò.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, apòògùn kò sọdá mọ́. Láti ojú fèrèsé, aránṣọ ń rí àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn, orí wọn súnmọ́ra. Ó gán apá òsì aṣọ oníbàárà mọ́ ibi apá ọ̀tún. Ó tú u, ó tún gán an bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, ó rojọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

"Ìyá ilé, ó jọ pé apòògùn ti fẹ́ ìyàwó lé ọ. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà nílé yìí, o ò jowú nítorí tèmi tó báyìí rí!"

"Kí ni mo fẹ́ jowú lé lórí rẹ?" ni aránṣọ wí, ó sì yí ojú sí ògiri. Ṣùgbọ́n owú ni, kò lórúkọ mìíràn. Bí ikán ló rí: ara igi á dára lójú, inú rẹ̀ á ti di ìyẹ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọkùnrin tó ń ta fíìmù. Ó sọ ti awakọ̀ ojú irin, ó sọ méjì mìíràn tó ti gbọ́ lẹ́nu obìnrin náà. Ọkùnrin náà wá inú àpótí rẹ̀, ó wá inú fóònù rẹ̀, ó mi orí.

"Mà, ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu òwò yìí. Kò sẹ́ni tó ya fíìmù kankan tó rí báyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín, ẹ ní kó máa bọ̀, iṣẹ́ wà fún un."

Inú aránṣọ dùn. Òpùrọ́ ni! Ó yára padà, ó fẹ́ tú àṣírí. Bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó gbọ́ ohùn obìnrin náà, ó sì dúró.

"...obìnrin olóògùn náà jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti lọ sí ìdálẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí nìkan ló kù tó ń bá òun ka ọjọ́."

"Ó dà bíi pé ilé mi lẹ wọ̀," ni apòògùn sọ. Omijé wà nínú ohùn rẹ̀.

Ara aránṣọ gbóná. Ẹ wo ojúkòkòrò! Obìnrin yìí ti fi ara rẹ̀ sínú ìtàn, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́. Ó jáde sí wọn. Obìnrin náà panu mọ́, ó dìde.

"Kí ni òpin rẹ̀?" ni aránṣọ bi í.

"Kò tíì ní òpin." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ omi mu. "Ẹni tó máa sọ ọ́ ló ń wá." Ó sì rìn lọ.

Aránṣọ yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mo ti wo fíìmù yẹn."

"O ò wò ó."

"Mo wò ó lánàá. Màá sọ òpin rẹ̀ fún ọ."

"Abẹ́rẹ́, má sọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́." Apòògùn fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Aránṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ kan kúrò. Ó sọ ọ́ sí etí náà: "Ní ìparí, obìnrin olóògùn jí lọ́jọ́ kan, ó ti gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn pátápátá. Bí ẹni tí kò pàdé rẹ̀ rí. Ó tán."

Fáànù tó ń yí nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn dúró. Apòògùn kò bínú. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ wo?"

"Ọ̀rẹ́ inú fíìmù náà... aránṣọ ni. Òdìkejì òpópónà ló wà."

Aránṣọ fi ẹ̀rín bò ó. Fíìmù tí kò sí láyé, kí ló lè ṣe? Síbẹ̀ kò sùn dáadáa.

Nígbà tí aago kan ọ̀sán lù lọ́jọ́ kejì, apòògùn sọdá. Ọkàn aránṣọ balẹ̀. Àfi bí apòògùn ṣe dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tó sì kàn án. Kò gbé abọ́ lọ́wọ́. Náílọ́ọ̀nù aṣọ ló mú wá.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni aránṣọ?"

"Dókítà Ó-kù-díẹ̀, o ṣì ń bínú ni?"

Apòògùn bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. "Ẹ má bínú, mà. Iwájú ibí yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ránṣọ níbí. Mo fẹ́ rán èyí."

Ọwọ́ aránṣọ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó ṣí ìwé, ó kọ ìwọ̀n àyà, ó kọ ti ìbàdí, ó kọ ti apá. Ó kọ ọ́ tán kó tó rántí pé téèpù ṣì wà lọ́rùn òun.

"Ẹ ò tíì wọn mí," ni apòògùn sọ.

"Èjìká òsì rẹ fi díẹ̀ relẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Orí àtẹ̀gùn lo ti ṣubú, nígbà tí oyún ọmọ rẹ pé oṣù méje."

"Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Ìwọ ni! O ò tíì ká bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ títí dòní. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì aláwọ̀ ewé ló wà lórí rẹ̀, èmi ni mo rán an. O máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú..."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni apòògùn ń fà sẹ́yìn. Aránṣọ rí i lójú rẹ̀ pé ìrántí kọ́ ni òun ń gbé wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù ni.

"Ta ni yín?" Ó gbá náílọ́ọ̀nù aṣọ mọ́ àyà. "Irú èèyàn wo ni yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ mi."

Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré sọdá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù oògùn pa dé. Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì.

Aránṣọ dúró ti fèrèsé, aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà ló tó rí i pé ẹnìkan wà lórí bẹ́ǹṣì ọ̀hún. Obìnrin alágboòrùn náà kọjú sí i tààrà, ó ká ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì nù ún. Ó fi orí ti ògiri bí ẹni tó rí ìjókòó tó dára. Nígbà tí aránṣọ gbé aṣọ náà bojú, obìnrin náà rọra tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo fíìmù, kí nǹkan kan má bàa fo òun ru.